Oko Kún fún Ewé, Ẹ̀pà Ò Sí Nídìí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà la fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa tòní. Àwa tí a máa ń kó owó fún àgbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀pà tó jáde lóko ló kàn jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa nìkan. Ẹni tó ń ta òróró ẹ̀pà, ẹni tó ń dín kúlíkúlí, ẹni tó ń yan ẹ̀pà sínú ìgò, ẹni tó ń bá àwọn onísúyà lọ ẹ̀pà, inú àpò kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹun. Tí àpò náà bá gbẹ lóko, kò sí bí a ṣe fẹ́ ná an lọ́jà.

Àríyànjiyàn kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀pà bá tó hú. Ìyá ọlọ́jà ti kó owó fún bàbá àgbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ebè. Nígbà tí ìkórè dé, bàbá ní àrùn mú ẹ̀pà òun, pé oko tí òun fojú sùn pé á mú àpò mẹ́wàá jáde, kò pé méjì. Ìyá á ní, "Bàbá, ẹ má purọ́ fún mi. Nígbà tí mo kọjá lẹ́bàá oko yín lóṣù tó kọjá, ewé tutù yọ̀yọ̀, ó sì ṣú." Bàbá á ní, "Ìyá, ewé lẹ rí, ẹ ò rí ẹ̀pà." Ibẹ̀ ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pe baálẹ̀, wọ́n á pe Ìyálọ́jà, ẹlòmíràn á tilẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́.

Àrùn kan ń bẹ tó ń mú ẹ̀pà, tí oko á tutù lójú, tí ewé á pọ̀, tí a kò sì ní bá nǹkan gidi nídìí rẹ̀ tí a bá hú u. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè é ní rosette, nítorí pé ewé á kó jọ sí ojú kan bí òdòdó róòsì. Oríṣi méjì ló wà tó yẹ ká dá mọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọ̀mùnú ewé tuntun á pọ́n bí ìyeyè, á ká kò, á sì kéré, igi ẹ̀pà ò sì ní ga mọ́. Èyí kò ṣòro láti rí, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé ara ẹ̀pà yẹn kò yá. Èkejì ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ewé tirẹ̀ kì í pọ́n. Ṣe ló máa ń dúdú sí i, á wá kéré, á ṣùpọ̀ mọ́ ara wọn, ẹ̀ka á kúrú, igi á sì di ràrá. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kọjá á rò pé ẹ̀pà ńlá ń bọ̀. Àfi kí èèyàn sọ̀kalẹ̀, kó wọ inú oko, kó tẹ̀ ba, kó wá rí i pé ẹ̀pà tó yẹ kó ti bo ebè, kò tíì ga ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Kí ló ń fa àrùn yìí? Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ti ẹ̀pà yìí tún wá lágbára nítorí pé kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn gbájú-ẹ̀ tó máa ń wọ ọjà pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ló ní aṣọ. Aṣọ yìí ló ń jẹ́ kó lè wọ inú kòkòrò tó ń gbé e kiri, kó sì jáde níbẹ̀ láìfarapa. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wọ ara ẹ̀pà, a lè má rí àmì kankan lójú ewé. Èkejì kò ní aṣọ rárá, abẹ́ aṣọ ti àkọ́kọ́ ló ń sá sí tó bá fẹ́ rìnrìn àjò. Ẹ̀kẹta ló kéré jù nínú wọn. Kò lè dá pọ̀ sí i láìsí èkejì, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ọ̀gá ìkà, òun ló ń ká ewé kò tó sì ń sọ ẹ̀pà di ràrá. Èkejì pàápàá kò lè wọ abẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ bí kò bá mú ẹ̀kẹta dání. Láti 1907 ni wọ́n ti kọ̀wé nípa àrùn náà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí àwọn onímọ̀ tó tú àwọn mẹ́ta yìí ká tí wọ́n fi mọ iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó yà wá lẹ́nu. Ẹ̀pà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n àrùn yìí, ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí gúúsù, pẹ̀lú àwọn erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà. Àlejò ló wá pàdé ọ̀tá nílé onílé.

Ta ló wá ń gbé àwọn ọ̀daràn mẹ́ta yìí káàkiri? Kòkòrò kékeré dúdú kan ni, tó máa ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀pà àti ẹ̀wà, tí èèrà sì máa ń tọ̀ lẹ́yìn nítorí omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ń pè é ní iná ewé, nítorí pé bí iná orí ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ lórí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fa omi ara ewé mu. Tó bá ti jókòó sórí ẹ̀pà tó ní àrùn fún wákàtí mélòó kan, tó fa omi rẹ̀ mu dáadáa, ó ti gbé àrùn nìyẹn, yóò sì máa gbé e kiri títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀pà tó bá tún fẹnu kàn lẹ́yìn náà wà nínú ewu. Àwọn kan nínú wọn ní ìyẹ́, afẹ́fẹ́ sì lè gbé wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn, ìdí nìyẹn tí oko ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni fi lè bàjẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ti ọmọ bíbí, ẹ má bèèrè. Obìnrin wọn kì í wá ọkọ kó tó bímọ, ààyè ló ń bí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí tirẹ̀ láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìkómọ tiwọn kò ní gbàgede tó lè gbà á.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí ẹ̀pà lóko ńkọ́? Ẹ̀pà tó jábọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń hú, tó wá lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀, pàápàá lẹ́bàá odò àti ní àkùrọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ibẹ̀ ni àrùn náà lè sinmi sí. Tí òjò bá tún dé, tí àgbẹ̀ gbin tuntun, iná ewé á gbéra níbẹ̀ á sì bọ́ sínú oko.

Àwọn kan á ní, "Ó dáa, irú ẹ̀pà ló ní àrùn, ẹni tó ta irú ló jẹ̀bi." Rárá o. A fẹ́ kí ẹ di èyí mú dáadáa nítorí pé wọ́n ti fi bá àwọn aláròóbọ̀ wa jà rí. Àrùn rosette kì í gba inú irú wọlé. Ẹ̀pà tí a mú lára igi tó ní àrùn, tí a bá gbìn ín, kò ní gbé rosette hù. Àrùn fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà lóòótọ́, tí wọ́n mọ̀ ní Senegal àti Burkina Faso, tó lè gba inú irú kọjá, inú ilẹ̀ sì ni òun náà ń gbé. Ti rosette kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, a ò sọ pé kí ẹ máa ta horó tó fún pọ̀ fún àgbẹ̀ láti gbìn. Horó tí kò yó kì í hù dáadáa, oko á sì ní àlàfo. Ẹ ó rí i níwájú pé àlàfo yìí gan-an jẹ́ ìṣòro.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí owó wa wà, ìyẹn bí àrùn yìí ṣe ń jẹ èrè ẹ̀pà. Ọjọ́ orí ẹ̀pà ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ̀pà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí a gbìn ín. Lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á jáde níbẹ̀, á kọrí sílẹ̀, á wọ inú iyẹ̀pẹ̀, orí okùn yẹn ni ẹ̀pà á ti so. Ewé ló ń se oúnjẹ tí ẹ̀pà inú ilẹ̀ ń jẹ. Tí àrùn bá mú igi kó tó tanná, ewé rẹ̀ á kéré, òdòdó díẹ̀ ni yóò yọ tàbí kó má yọ rárá, okùn tó máa wọ ilẹ̀ ò ní pọ̀, àgbẹ̀ sì lè pàdánù gbogbo rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe ìdajì, kì í ṣe ìdá mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ti tanná, tó ti ń so lọ́wọ́ ni àrùn dé, a ó rí nǹkan hú, ṣùgbọ́n yóò dín, horó á sì fún. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀pà ti ń gbó kí àrùn tó dé, ẹ má bẹ̀rù, ìkórè ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, tí àgbẹ̀ bá sọ pé "àrùn mú u", ẹ bi í léèrè pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ̀pà wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ìdáhùn yẹn ló máa fi ọ̀nà hàn. Ẹni tó ní àrùn dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìkórè, tó wá ní kò sí nǹkan kan nílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì kù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré là ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà á rántí àwòrán òkè ẹ̀pà Kánò nínú ìwé tí a kà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àpò lórí àpò, tó ga bí ilé alájà mélòó kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òkè yẹn lè gba nǹkan bí àpò 15,000. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò, láàrin 1911 sí 1912, ni òwò ẹ̀pà wá gbilẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì ròkè jù nínú òwò náà ni Alhaji Alhassan Dantata, tó kú ní 1955. Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un nítorí tiwa: obìnrin alájàpá ni ìyá tó bí i, tó máa ń ṣáájú èrò ọjà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Tata ló tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, Dantata, ìyẹn ọmọ Tata. Nígbà tí yóò di ọdún 1960 sí 1970, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀pà sókè òkun jù lọ láyé.

Ọ̀dá ńlá dé sí òkè ọya lẹ́yìn 1970, ó sì burú jù ní 1972 sí 1973. Àgbẹ̀ ń rò pé ó ti tán. Ní 1975 ni rosette bá bẹ́ sílẹ̀. Oko ẹ̀pà tó fẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 hẹ́kítà ló bàjẹ́ lọ́dún kan ṣoṣo, wọ́n sì fojú bu àdánù náà sí dọ́là mílíọ̀nù 250. Owó ìgbà yẹn o, nígbà tí náírà kan ju dọ́là kan lọ. Àrùn náà tún padà wá ní 1983, ní 1985 àti ní 1988. A kò ní sọ pé àrùn nìkan ló wó òkè ẹ̀pà Kánò, irọ́ nìyẹn máa jẹ́. Owó epo rọ̀bì ti wọlé, ọ̀dọ́ ti fi oko sílẹ̀, owó tí bọ́ọ̀dù ìjọba sì ń san fún àgbẹ̀ kò tó nǹkan, títí ìjọba fi pa àwọn bọ́ọ̀dù náà rẹ́ ní 1986. Ṣùgbọ́n nínú èrò tiwa, 1975 ló gba ìgboyà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ẹni tó yá owó gbin ẹ̀pà, tó wá hú ewé, kí la fẹ́ sọ fún un kó tún gbìn ín lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ní Malawi àti Zambia náà, nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní àkókò oko 1994 sí 1995, àwọn àgbẹ̀ Malawi sì dín ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀pà sí kù lẹ́yìn náà. Lónìí, Nàìjíríà ṣì ni ó ń gbin ẹ̀pà jù ní Áfíríkà, àwa fúnra wa ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀pà òkè ọya ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń bọ́ sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a ní tiwa náà ní Òkè-Ògùn àti apá Kwara, kò sì sí ààlà tí iná ewé mọ̀.

Ǹjẹ́ ó ní oògùn? Tí àrùn bá ti wọ ara igi, kò sí oògùn tó lè wò ó sàn mọ́. Ẹni tó bá ní òun ní omi inú ìgò tí wọ́n ń fín sí ewé tó ti ká kò tí yóò fi nà padà, ẹ sọ fún àgbẹ̀ yín kó má ra á. Oògùn apakòkòrò lè pa iná ewé tí a bá tètè fín in kí wọ́n tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, àgbẹ̀ ẹ̀pà tó kéré kì í sì í sábà lágbára rẹ̀. Àwọn nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ jù kò ju pé kí a tètè gbìn, kí a gbìn ín sún mọ́ra, kí a sì gbin irú tó lè dènà rẹ̀. Ẹ wá wò ó, ọwọ́ tiwa lọ́jà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká mú títètè gbìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, iná ewé kò tíì pọ̀. Ẹ̀pà tí a gbìn gẹ́rẹ́ tí òjò fìdí múlẹ̀ á ti tanná, á ti máa so, kí kòkòrò náà tó pọ̀ láwùjọ. Èyí tí a gbìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ṣì wà ní ọmọdé nígbà tí wọ́n bá dé. Àgbẹ̀ mọ èyí. Ohun tó ń dá a dúró ni owó irú àti owó alágbàṣe tó máa kọ ebè. Tí ẹni tó máa yá a lówó bá sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ ta ọjà ọdún kúkú, tàbí pé kí àjọ tó bọ́ sí òun lọ́wọ́, tí owó kò fi dé oko àfi ìgbà tí òjò ti rọ̀ fún oṣù kan, owó yẹn ti bá àrùn ṣe àdéhùn kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Owó tó dé oko ní oṣù kẹta kì í ṣe ẹgbẹ́ owó tó dé ní oṣù karùn-ún, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Gbígbìn ín sún mọ́ra ńkọ́? Iná ewé tó ń fò kọjá lókè fẹ́ràn láti bà sí oko tí ilẹ̀ ti hàn láàrin ẹ̀pà. Níbi tí ewé bá ti pàdé ara wọn, tí wọ́n bo ilẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bà síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé kí àlàfo láàrin ẹ̀pà kan sí èkejì lórí ebè jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, èyí tí kò ju kí a na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín sílẹ̀ lọ. Ibi tí kò bá hù, kí wọ́n tètè tún un gbìn. Ṣùgbọ́n oko tó sún mọ́ra ń jẹ irú púpọ̀. Gbogbo wa la sì mọ bí ẹ̀pà ṣe máa ń gbówó lórí ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Àgbẹ̀ tó fẹ́ ra kóńgò ogún á ra mẹ́wàá, á wá fọ́n ọn káàkiri kí ilẹ̀ lè tán. Oko tó ní àlàfo nìyẹn, àlàfo ló sì ń pe kòkòrò. Ìmọ̀ràn tí a mú wá nìyí: ẹni tó bá ní àgbẹ̀ tó ń bá ṣe, kó ya irú sọ́tọ̀ láti ìgbà ìkórè tí ẹ̀pà ṣì pọ̀ lọ́jà, nínú eèpo rẹ̀, nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, lórí pákó, kì í ṣe lórí sìmẹ́ǹtì. Kó fún àgbẹ̀ ní irú dípò apá kan owó. Irú kò ṣe é fi ra bàtà ọdún fún ọmọ, inú oko ló máa lọ.

Ẹ̀kẹta ni irú tó ń dènà àrùn. Láti 1952 ni wọ́n ti kíyè sí i pé àwọn ẹ̀pà ìbílẹ̀ kan láti ààlà Burkina Faso àti Côte d'Ivoire kì í fi bẹ́ẹ̀ gba rosette. Nínú ìran àwọn yẹn ni wọ́n ti ń fà á wá títí di òní. Níbí, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Samaru, Zaria, lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, pẹ̀lú ilé ìwádìí ICRISAT, gbé SAMNUT 21, 22 àti 23 jáde ní 2001. SAMNUT 24 tẹ̀ lé wọn ní 2011, lẹ́yìn náà SAMNUT 25 àti 26 ní 2013. SAMNUT 24 ló wù wá jù fún apá ọ̀dọ̀ tiwa nítorí pé ó máa ń gbó láàrin ọjọ́ 80 sí 90. Àgbẹ̀ lè hú u kí òjò tó dáwọ́ dúró, kó sì tún ilẹ̀ náà lò. Ẹ ṣàlàyé fún àgbẹ̀ o, pé iná ewé ṣì máa bà lé irú wọ̀nyí, kí ẹ̀rù má bà á tó bá rí wọn. Àrùn ni irú náà ń kọ̀, kì í ṣe kòkòrò. Kí ẹ sì bèèrè ibi tí irú ti wá kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ SAMNUT sára àpò.

Ọ̀rọ̀ kù nípa orí àtẹ wa. Ẹ̀pà tó jáde láti oko tí àrùn mú máa ń kéré, awọ rẹ̀ á hunjọ, horó kan á tóbi, èkejì á fún. Kóńgò á kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i pé ó fúyẹ́. Ẹni tó ń fún òróró ló máa mọ ìyà rẹ̀ jù, nítorí pé owó lílọ̀ kan náà ló máa san, òróró tó máa rí kò sì ní tó. Nítorí náà, kí àwọn tó ń ra ẹ̀pà fún òróró máa fi ìwọ̀n rà á, kì í ṣe kóńgò nìkan. Àwọn oníbàárà kan sì ń bèèrè bóyá àrùn ẹ̀pà yìí lè mú èèyàn tó bá jẹ ẹ́. Kò lè mú èèyàn. Àrùn ewéko ni, kò mọ ara ọmọ ènìyàn. Èyí tó lè pa èèyàn lára ni ẹ̀pà tó bu, tó ní olú aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lára, tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sínú àpò. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í pa á tán. Horó tó hunjọ sì tètè máa ń bu ju èyí tó yó lọ. Ẹ ṣà á kúrò, ẹ má dà á mọ́ kúlíkúlí.

Ó wá ku gbèsè. Àwa nínú ẹgbẹ́ kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni dárí owó rẹ̀ ji, owó àjọ ni, owó iléèwé ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí à ń dá lẹ́yìn ìkórè ti pẹ́ jù, nígbà tí ewé ti gbẹ, ta ló fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn gbígbìn ni kí a lọ sí oko. Kí a má dúró lójú títì. Kí ìyá àti bàbá jọ rìn wọ inú rẹ̀, kí wọ́n dúró ní ojú márùn-ún tó jìnnà síra, kí wọ́n ka igi ogún ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo mélòó ló ti ká kò nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n hú wọn kúrò lọ́jọ́ náà. Tí ó bá ti kọjá ìdajì, a ti mọ̀ pé ẹ̀pà ọdún yẹn ti lọ nìyẹn, kí a jókòó lórí ebè níbẹ̀ ká sọ bí owó ṣe máa padà. Ó lè jẹ́ àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ máa fi dí i, ó lè jẹ́ pé a ó sún un sí ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì lè rí àyè gbin nǹkan mìíràn sí ilẹ̀ náà tí ọ̀rọ̀ bá tètè yanjú, èyí ló fi yàtọ̀ sí kí a máa fa ara wa lẹ́wù ní oṣù kẹsàn-án.

Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, ní ìwé méjì: ọjọ́ tí owó dé ọwọ́ àgbẹ̀, ọjọ́ tó gbin ẹ̀pà, irú tó gbìn, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí ewé tó ká kò, àti iye tí a kà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kó mú ọmọ rẹ̀ tó ń lọ iléèwé dání. Ìwé kan á wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ wa, a ó sì fi ẹ̀dà tiwa sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oko tuntun tó bẹ̀rẹ̀.